Gáàsì apanilẹ́rìn-ín tó ń “so pọ̀” lókè: kí ni wọ́n ń sọ gan-an?

Tí ọyẹ́ bá ti dé, kì í pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ nípa afẹ́fẹ́ fi máa ń kún orí WhatsApp wa ní Abuja. Èyí tó ń jà ràn-ìn báyìí sọ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí i pé gáàsì apanilẹ́rìn-ín ń so pọ̀ mọ́ omi àti mọ́ àwọn gáàsì mìíràn lókè orí wa, kí kálukú yáa bo imú. Ẹnì kan ní Kubwa ní àwọn ọmọ tó ń fa bálúùnù níbi àríyá ló fà á. Ẹlòmíràn ní fàtíláísà ni. Ẹnì kẹta ní òun ti mọ ohun tó ń fa ikọ́ òun nìyẹn.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro láti yanjú. Lóòótọ́ ni gáàsì yìí máa ń fara mọ́ àwọn mìíràn. Lóòótọ́ ni àwọn onímọ̀ ń ṣèwádìí rẹ̀, wọ́n sì ti ń ṣe é tipẹ́. Ibi tí wọ́n ti tún un kọ fún WhatsApp ni ata ti wọ ojú.

Kí ni gáàsì náà?

Nitrous oxide lorúkọ rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ń kọ ọ́ ní N₂O. Átọ̀mù, ìyẹn horo tíntín tí ohun gbogbo fi jẹ́, mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, náítírójìn méjì àti ọ́síjìn kan, wọ́n sì tò tẹ̀ léra lórí ìlà kan ṣoṣo: náítírójìn, náítírójìn, ọ́síjìn. Nígbà tí átọ̀mù bá so báyìí tí wọ́n di ẹyọ kan, ẹyọ yẹn là ń pè ní mólékù.

Joseph Priestley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ pèsè gáàsì yìí ní 1772. Ní 1799 ni Humphry Davy bẹ̀rẹ̀ sí í fà á símú, ó rí i pé ẹ̀rín ń pa òun, bó ṣe di gáàsì apanilẹ́rìn-ín nìyẹn. Ní 1844, oníṣègùn eyín kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Horace Wells fà á, ó sì ní kí wọ́n yọ eyín òun kan láti fi dán an wò. Wọ́n yọ ọ́, kò dùn ún. Títí di òní, àwọn ilé ìwòsàn kan ń pò ó pọ̀ mọ́ ọ́síjìn fún obìnrin tó ń rọbí.

Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fà nínú bálúùnù, gáàsì kan náà ni. Ewu rẹ̀ kò kéré, àmọ́ ewu ti inú ara ni: ó ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró, bó bá sì di bárakú, ó ń sọ fítámì B12 inú ara di aláìwúlò, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kò kan ọ̀rọ̀ àsopọ̀ tí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ń pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èéfín jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ máa ń tú gáàsì méjì mìíràn, NO àti NO₂, jáde. Lẹ́tà wọn jọra, ìwà wọn ò jọra rárá: NO₂ máa ń ta èèyàn lọ́fun, ọjọ́ rẹ̀ lófuurufú kì í sì í pẹ́. N₂O kì í ta ẹnikẹ́ni lọ́fun, ṣùgbọ́n tó bá ti gòkè lọ, ó lè lò tó 120 ọdún kó tó run.

Mélòó ló wà nínú afẹ́fẹ́?

Kékeré gbáà. Kí iléeṣẹ́ ńláńlá tó gbalẹ̀ láyé, nínú bílíọ̀nù kan mólékù afẹ́fẹ́, bí 270 ni N₂O. Ní báyìí, ó ti kọjá 336. Ẹ ṣírò rẹ̀ lódìkejì: nínú bíi mílíọ̀nù mẹ́ta mólékù afẹ́fẹ́, ẹyọ kan ni N₂O. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di òǹkà yìí mú, a ó tún lò ó níwájú.

Kí ló ń jẹ́ àsopọ̀ ẹlẹgẹ́?

Ibí ni gbogbo àríyànjiyàn wà, nítorí náà mo fẹ́ ká fara balẹ̀.

Ẹni tó bá ti wọ “along”, ọkọ̀ akérò ojú títì, láti Kubwa lọ sí Berger níbí ní Abuja rí mọ bó ṣe máa ń rí. Èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin á há mọ́ra wọn lẹ́yìn ọkọ̀, èjìká á fara kan èjìká. Bí ọkọ̀ bá yí sọ́tùn-ún, gbogbo wọn á yí sọ́tùn-ún. Lójú ẹni tó wà níta, wọ́n dà bí ẹbí kan. Wọn kì í ṣe ẹbí. Bí ọ̀kan bá dé ibi tó ń lọ, á sọ̀ kalẹ̀, ẹlòmíràn á jókòó síbẹ̀, kò sì ní sẹ́ni tí yóò sunkún. Ká wá ní tọkọtaya ló jókòó níwájú pẹ̀lú dírẹ́bà ńkọ́? Ìdè tó so àwọn yẹn kì í ṣe ti ìjókòó ọkọ̀.

Átọ̀mù mẹ́ta tó di N₂O, tọkọtaya nìyẹn. Wọ́n jọ ń pín ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn horo oníná tíntín inú átọ̀mù, lò, èèyàn ò sì lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú yà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mólékù N₂O kan bá sún mọ́ mólékù mìíràn, bóyá omi, bóyá náítírójìn, bóyá N₂O ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì lè fara mọ́ra díẹ̀, kí wọ́n máa yí pọ̀, kí wọ́n máa mì pọ̀, láìsí èyí tó fún èkejì ní nǹkan kan. Kò sí átọ̀mù tó kúrò níbi tó wà. Kò sí gáàsì tuntun tó jáde. Èrò inú along lásán ni wọ́n. Àwọn méjèèjì tó fara mọ́ra yẹn ni mò ń pè ní àsopọ̀ ẹlẹgẹ́ nínú àlàyé yìí.

Ẹlẹgẹ́ náà tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá tó rọ̀ jù nínú N₂O fúnra rẹ̀ ni ibi tí náítírójìn ti pàdé ọ́síjìn. Agbára tí èèyàn máa ná kó tó já ibẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá agbára tó ń ya N₂O méjì tó kàn fara mọ́ra lọ. Tó bá jẹ́ N₂O àti ágọ́ọ̀nù, gáàsì kan tó wà nínú afẹ́fẹ́, ló pàdé, tiwọn tún rọ̀ ju ìyẹn lọ: ooru inú yàrá lásán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti tú wọn ká.

Agbára wo ló ń fà wọ́n mọ́ra?

Ará Netherlands kan tó ń jẹ́ Johannes Diderik van der Waals ló kọ́kọ́ fi òǹkà gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Nínú ìwé ìwádìí tó kọ fún oyè dókítà ní Leiden ní 1873, ó sọ pé mólékù gáàsì kì í kàn fò kọjá lára ara wọn, pé wọ́n máa ń fa ara wọn díẹ̀, àti pé òun ló ń jẹ́ kí gáàsì lè di olómi tó bá tutù. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1910. Ká sòótọ́, tí mólékù ò bá ń fa ara wọn rárá, kò sí òtútù tó lè sọ gáàsì di olómi.

Ohun tó ń ṣe ìfàmọ́ra náà gan-an, Fritz London ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1930. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú mólékù kì í dúró sójú kan. Ní ìṣẹ́jú-àáyá tí a kò lè fọkàn tọ̀, wọ́n lè pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan mólékù náà á ní iná òdì díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì á ní iná òdodo díẹ̀. Mólékù tó wà nítòsí á tún tirẹ̀ tò láti bá a mu, àwọn méjèèjì á sì fa ara wọn. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á yí padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìfàmọ́ra kékeré tí kì í dúró, tí kì í sì í tán, nìyẹn.

Ta ni N₂O máa ń bá jókòó?

Òǹkà tí mo ní kẹ́ ẹ dì mú ló máa dáhùn. Bí N₂O bá jẹ́ ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù mẹ́ta, mélòó ni ìgbà tí N₂O kan máa pàdé N₂O mìíràn? Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹni tó máa ń pàdé jù ni náítírójìn, nítorí òun ni 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́. Ọ́síjìn ló tẹ̀ lé e ní bíi 21, ágọ́ọ̀nù kò sì tó ẹyọ kan. Ní àsìkò òjò, tí afẹ́fẹ́ Abuja bá wúwo fún omi, omi náà á wọ inú èrò. Nígbà ọyẹ́, omi inú afẹ́fẹ́ á gbẹ. Èyí fi hàn pé àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní N₂O ń so mọ́ omi nígbà ọyẹ́ ti gbé ọ̀rọ̀ náà sí àsìkò tó burú jù fún un.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jókòó tún dùn mọ́ mi. N₂O méjì á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan kọjú síhìn-ín, ìkejì kọjú sọ́hùn-ún, ọ̀kan á sì yọ díẹ̀ ju ìkejì lọ. Ágọ́ọ̀nù, tó jẹ́ átọ̀mù kan ṣoṣo, máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ N₂O ni, kì í dúró ní ìdí tàbí ní orí rẹ̀. Tó bá kan kábọ̀n-dáyọ́síàdì, òun àti N₂O fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì: ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, 44, iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn kò sì yàtọ̀, 22 ni.

Báwo ni wọ́n ṣe rí ohun tí kì í pẹ́ tó báyẹn?

Wọ́n ń sọ ooru di ọ̀tá tí a lé jáde nínú ilé. Nínú yàrá ìwádìí, wọ́n á pò N₂O díẹ̀ mọ́ gáàsì bíi hílíọ̀mù tàbí ágọ́ọ̀nù, wọ́n á fi agbára tì í gba ihò tíntín kọjá sínú àgbá tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí gáàsì náà bá ti tú jáde lójijì sínú òfìfo yẹn, á tutù wọ̀ọ̀, á lọ sí ìsàlẹ̀ dígírì 260 lábẹ́ òdo. Nínú òtútù yẹn, mólékù ò lágbára àtisọ̀ kalẹ̀ mọ́. Àwọn tó bá ti fara mọ́ra á wà bẹ́ẹ̀ títí tí ìtànṣán lésà yóò fi kọjá lára wọn.

Mólékù kọ̀ọ̀kan ní irú ìmọ́lẹ̀ tó máa ń gbé mì. N₂O máa ń gbé irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa ò rí, tí ara wa ń gbọ́ bí ooru, àwọn onímọ̀ sì mọ ibi tó ti ń gbé e dáadáa. Bí ẹnì kan bá jókòó tì í, ibẹ̀ máa ń sún díẹ̀. Sísún díẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò bí àlàfo àwọn méjèèjì ṣe gùn tó, ẹ̀gbẹ́ wo ni wọ́n kọjú sí, àti bí ìdè náà ṣe le tó.

Wọn ò lọ kó àsopọ̀ N₂O jọ sínú ìgò láti ojú ọ̀run. Inú àgbá ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ wa ti kó yàrá ìwádìí lọ sórí òrùlé àwọn èèyàn Gwarinpa.

Ṣé kò wá sí rárá lókè Abuja ni?

Ó wà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rárá. Nísàlẹ̀ níbí, mólékù kọ̀ọ̀kan ń kọlu àwọn mìíràn ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìkọlù kan lè mú méjì fara mọ́ra. Èyí tó tẹ̀ lé e á tú wọn ká. Ooru oṣù Ẹrẹ́nà ní Abuja, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ọyẹ́ tí gbogbo wa fi ń wọ súẹ́tà, lójú mólékù, ooru gidi ni, torí ohun tó ń wá ni òtútù tó ju 200 dígírì lọ lábẹ́ òdo.

Bí a bá gòkè ńkọ́? Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé apá ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni ibi tó tutù jù nínú afẹ́fẹ́ tí ojú ọjọ́ ti ń ṣẹlẹ̀ wà, ní bíi kìlómítà 16 tàbí 17 sókè. Níbẹ̀, ó lè tó dígírì 80 lábẹ́ òdo. Òtútù yẹn ran àsopọ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an ju ti ìsàlẹ̀ níbí lọ, mólékù kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni tí wọn yóò bá jókòó. Ohun tí òtútù fi sílẹ̀, fífẹ́lẹ́ afẹ́fẹ́ ti gbà padà.

Ní ti ikọ́ ọyẹ́, eruku ló ń fà á. Láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e gba Maiduguri àti Kano kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tẹ́ ẹ bá bo imú nítorí eruku, ẹ ṣe dáadáa.

Kí wá ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ́síjìn ṣàlàyé, torí tirẹ̀ ti wúlò gbangba. Mólékù ọ́síjìn méjì tó bá fara kan ara wọn máa ń gbé àwọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan mì tí ọ́síjìn kan ṣoṣo kì í gbé bẹ́ẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ọ́síjìn olómi ní àwọ̀ búlúù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ki tó ni irú ìfarakanra bẹ́ẹ̀ ṣe ń pọ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló pọ̀ sí jù. Sátẹ́láìtì Aura, tí Amẹ́ríkà gbé sókè ní 2004, ní ẹ̀rọ kan tó ń wo àmì yìí. Bí àwọsánmà bá bo ìsàlẹ̀, àmì náà á dín kù, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ bí àwọsánmà náà ṣe ga tó. Méjì tó kàn jókòó tira wọn fún ìgbà díẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ti N₂O jẹ mọ́ kíkà. Lórí Aura kan náà, ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń ka N₂O láti ojú ọ̀run. Ohun tó sì ń kà ni àmì tí N₂O ń fi sílẹ̀ lára ìtànṣán. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí náítírójìn tàbí ọ́síjìn bá kọlu N₂O, tàbí tó bá sún mọ́ ọn jù, àmì yẹn máa ń fẹ̀ sí i. Ẹni tí kò bá mọ bí ìfẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó lè ka 330 sí 340, tàbí 340 sí 330. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ mẹ́wàá yẹn jẹ́ iṣẹ́ bí ọdún mẹ́wàá nínú bí gáàsì yìí ṣe ń pọ̀ sí i. Àsopọ̀ ẹlẹgẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú àgbá òtútù ló ń kọ́ wọn bí mólékù méjì ṣe ń fa ara wọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń tún ìṣirò kíkà náà ṣe. Lójú tèmi, gbogbo ìlò rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ nìyẹn: ó ń jẹ́ kí òǹkà péye.

N₂O tó dá dúró ńkọ́?

Òun ló yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá fi ìwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n fún ọgọ́rùn-ún ọdún, N₂O ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po 273 ju kábọ̀n-dáyọ́síàdì lọ. Iṣẹ́ kejì tó ń ṣe wà lókè pátápátá. Nígbà tó bá gòkè kọjá kìlómítà 20, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ á di náítírójìn lásán, ṣùgbọ́n apá díẹ̀ á pàdé átọ̀mù ọ́síjìn kan tí oòrùn ti ru sókè, á sì di NO. NO yìí ló ń jẹ ósóònù, ìyẹn ìbòrí tó ń dáàbò bo awọ ara wa lọ́wọ́ oòrùn líle, kì í sì í kú lẹ́yìn tó bá jẹ ọ̀kan. Á tún lọ jẹ òmíràn. Paul Crutzen fi èyí hàn ní 1970, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tó gba Nobel fún irú iṣẹ́ yìí ní 1995. Ní 2009, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Ravishankara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú gbogbo ohun tí èèyàn ń tú sókè nísinsìnyí tó ń ba ósóònù jẹ́, N₂O ló léwájú. Síbẹ̀, àdéhùn Montreal ti 1987, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe láti dáàbò bo ósóònù, tó lé àwọn gáàsì fíríìjì àtijọ́ kúrò nílẹ̀, kò mú N₂O mọ́ ọn.

Ibo ló ti ń wá? Ilẹ̀ ni, pàápàá ilẹ̀ oko. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí nínú ilẹ̀ ló ń ṣe é látinú náítírójìn tí a bá fún wọn. Àpò fàtíláísà yúríà 50 kílò ní náítírójìn 23 kílò nínú. Ìṣirò tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ni pé bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń padà di N₂O. Ìyẹn jẹ́ bíi 360 gíráàmù gáàsì, ìgbóná tó sì lè mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti 100 kílò kábọ̀n-dáyọ́síàdì. Látinú àpò kan ṣoṣo! Kí ẹnikẹ́ni má wá fi ìyẹn dá àgbẹ̀ Kwali tàbí Gwagwalada lẹ́bi o. Fàtíláísà tí àgbẹ̀ wa ń lò lórí hẹ́kítà kan kò sún mọ́ ti China tàbí Yúróòpù.

Àsìkò ló ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó ti gbẹ fún oṣù mélòó kan, àwọn kòkòrò náà á jí lẹ́ẹ̀kan náà, N₂O á sì tú jáde lọ́pọ̀ yanturu fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá da yúríà sílẹ̀ ní àkókò yẹn, kí àgbàdo tó ní gbòǹgbò tó lè gbà á, kòkòrò ló ń bọ́. Bákan náà ni oko tí omi dúró lé: ọ́síjìn tán nínú ilẹ̀ yẹn, kòkòrò á wá máa fa ọ́síjìn lára náítírójìn tó wà nínú fàtíláísà, N₂O á sì jáde. Èyí tó dára ni kí wọ́n pín yúríà sí ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n gbẹ́ ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo tó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n dà á síbẹ̀, kí wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó.